Ohun Tí Alága Sọ fún Ọmọ Ọmọ Rẹ̀

Àga ni ọkùnrin náà ń tún ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Alága. Kì í ṣe alága ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe alága ìpàdé; ìpàdé wo ló ń lọ? Àga tí fóòmù rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, àga tí aṣọ rẹ̀ ti gbó débi pé ojú ń ti onílé láti fi í lọ àlejò, òun ni wọ́n ń gbé wá bá a. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá tó kí i pé, "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o," á dáhùn pé, "Oo, ìgbìmọ̀ ń jókòó lọ́wọ́," á sì fi òòlù tọ́ka sí àwọn àga òfìfo tó tò sílẹ̀. Èèyàn á rẹ́rìn-ín, á bá tirẹ̀ lọ. Bó bá ti lọ tán, ó ku Alága àti ìgbìmọ̀ rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó di ọdún mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti wà lókè òkun láti bí ọdún mẹ́rìnlá. Ibẹ̀ ló ti rí iṣẹ́, ibẹ̀ ló ti fẹ́ obìnrin kan tí kò gbọ́ èdè wa, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí ọmọbìnrin tó ti di ọmọ ọdún méje báyìí. Alága kò tíì fojú kàn án rí, àfi nínú fóònù.

Òkè ṣọ́ọ̀bù ni Alága ń gbé: yàrá méjì, ilé ìdáná, àti pálọ̀ kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Àtẹ̀gùn mọ́kànlá péré ló wà láàárín ibi iṣẹ́ àti ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí ìyá ọmọ rẹ̀ wà láyé, àtẹ̀gùn yẹn kì í sinmi. Obìnrin náà á sọ̀ kalẹ̀ wá bèèrè bóyá ó ti jẹun, á gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀ wá sọ ohun tó gbàgbé láti sọ, á gòkè, kò sì ní pẹ́ tí á tún fi sọ̀ kalẹ̀ wá jà nítorí ife tíì tí ẹnì kan fi lé orí aṣọ àga oníbàárà. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni ẹsẹ̀ ń kan àtẹ̀gùn náà: ìgbà tí Alága bá ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, àti ìgbà tó bá ń gòkè nírọ̀lẹ́. Ó máa ń dá sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú o. Ohùn ara rẹ̀ ni kò fẹ́ gbàgbé.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ rẹ̀. Bó bá di agogo mẹ́rin ọ̀sán, ọmọ rẹ̀ á pè é lórí fóònù tí èèyàn fi ń rí ojú ara ẹni. Alága á ti wẹ̀, á ti wọ ẹ̀wù tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé, á ti gbé fóònù ti ife lórí tábìlì kó má bàa ṣubú. Ọmọ rẹ̀ á kí i, á ní iṣẹ́ pọ̀, á ní òtútù pọ̀, lẹ́yìn náà á gbé fóònù sọ́wọ́ ọmọbìnrin kékeré náà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọ yìí lè sọ̀rọ̀! Á sọ̀rọ̀ títí, á fi ọwọ́ júwe, á di ojú, á la ojú, á fò sókè, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Alága á máa mi orí bí alángbá. Bí ọmọ náà bá wá dákẹ́, bàbá rẹ̀ á ká ọ̀rọ̀ tó gùn bí títì yẹn kúrú bí ìka ẹsẹ̀.

"Ó ní òun ń kí yín, Bàbá."

"Gbogbo ohun tó sọ yẹn? Tó tún fò sókè?"

"Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, Bàbá. Ó ń sọ̀rọ̀ ológbò kan."

"Kí ni ológbò náà ṣe?"

"Ẹ má dá a lóhùn. Ṣé ẹ ti lo òògùn yín?"

Ọ̀rọ̀ ológbò náà gbé Alága lọ́kàn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Kí ni ológbò lè ṣe tí ọmọdé á fi fò sókè bẹ́ẹ̀? Ṣé ó já láti orí òrùlé ni, àbí ó bá ajá jà? Òun ni bàbá àgbà ọmọ yìí, kò sì mọ ohun tó ń pa ọmọ náà lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ ológbò dun àgbàlagbà lọ. Nígbà tó rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé àdúgbò pé wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀.

Àwọn mẹ́fà ni wọ́n wà ní kíláàsì náà. Ọmọdébìnrin kan tí kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ ló ń kọ́ wọn. Alága lè bí i lọ́mọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ni ní ohun tí a kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n ẹni ni. "Tíṣà" ló ń pè é, "ẹ" ló sì ń lò fún un. Ẹni tó ń jókòó tì í ni awakọ̀ kan, ẹni bí ogójì ọdún, tí ń fi ọkọ̀ kó èrò, ẹlẹ́fẹ̀ ènìyàn tí kì í jẹ́ kí oorun kun ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tèmi-tìẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Tíṣà ní kí oníkálukú kọ ohun tó máa ń ṣe kó tó jẹun. Alága kọ ọ́ sínú ìwé pé, "I wash hand."

"Ọwọ́ ta ni, Bàbá?" Tíṣà bi í.

Alága wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ti awakọ̀. "Ọwọ́ ta ni mo tún lè fọ̀, Tíṣà?"

Ẹ̀rín sọ ní kíláàsì. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Ó ní lédè tiwa, bí èèyàn bá ní òun fọwọ́, a ti mọ̀ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á bẹ́ẹ̀. Dandan ni kí o sọ ẹni tó ni ọwọ́: "I wash my hands." Bó o bá ká eyín, eyín rẹ ni kó o wí. Bó o bá fi ẹsẹ̀ kọ, ẹsẹ̀ rẹ ni. Kódà bó o bá pa èrò dà, o ní láti sọ pé ọkàn ara rẹ lo pa dà, kì í ṣe ti aládùúgbò: "I changed my mind."

"Hàà," ni awakọ̀ wí. "Olè ní láti pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn yìí. Wọ́n kọ orúkọ sí gbogbo ẹ̀yà ara!"

Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú èèyàn mìíràn nínú yàrá kan náà. Bó ṣe ń lọ sílé, ó ń tún ẹ̀kọ́ náà kà fún ara rẹ̀ lójú títì: my hand, my leg, my head, my cap. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá a lọ: my hammer, my nail. Ọ̀rọ̀ kan wà tó tún wù ú jùlọ. Tíṣà ní bí èèyàn bá fẹ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ pé nǹkan jẹ́ tòun gan-an, tí kì í ṣe àyálò, á ní "my own." Ọ̀rọ̀ yìí kún ẹnu Alága. My own shop. My own chair. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìṣó mẹ́rin kan igun mẹ́rin aṣọ mọ́ igi. Kò lè yẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tó tẹ̀lé e ni pé kí wọ́n kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ilé wọn. Alága jókòó ti tábìlì, ó fi ìrọ̀lẹ́ kan gbáko kọ ọ́. Nígbà tí Tíṣà gbà á, ó kà á sókè díẹ̀díẹ̀: àwa ń gbé inú ilé wa, ilé wa kéré, fèrèsé wa kọjú sí títì. "Our house. Our window." Inú Tíṣà dùn.

"Ó dára gan-an, Bàbá. Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi àti ìyá ọmọ mi."

"Ẹ bá mi kí wọn o."

"Wọn ò sí mọ́, Tíṣà. Ọdún kẹta rèé."

Awakọ̀, tí kì í pàdánù àyè àwàdà, wo ilẹ̀. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, kó fi orí jì í. Lẹ́yìn náà, nítorí pé olùkọ́ ni, tí iṣẹ́ olùkọ́ sì burú lọ́nà bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ó rọra sọ fún un pé bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń gbé ilé náà báyìí, "my house" ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́, "I live," kì í ṣe "we live."

Alága mú ìrésà. Ó pa "our" àkọ́kọ́ rẹ́, ó fi "my" sí i. Ó pa èkejì rẹ́. Nígbà tó dé orí èyí tó kàn, èyí tó jẹ mọ́ fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìyá ọmọ rẹ̀ ló yan fèrèsé yẹn. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá wo ilé náà, obìnrin náà ò wo yàrá, kò wo ilé ìdáná, ojú fèrèsé yẹn ló lọ tààrà, ó ní, "Ibí ni màá ti máa rí yín bẹ́ ẹ bá ń bọ̀."

"Tíṣà," ó ní, "lédè tiwa, èèyàn lè dá nìkan wà kó sì máa wí pé ilé wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ jẹ́ kí n fi èyí sílẹ̀ bó ṣe wà."

Tíṣà gba ìwé náà, ó fi àmì pé ó gbà á sí gbogbo rẹ̀, kò sì fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá báyìí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, fóònù dún ní agogo mẹ́rin, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọmọ rẹ̀ ló yọ. Ọmọbìnrin kékeré náà ni, òun nìkan. Wọ́n ti pe bàbá rẹ̀ síbi iṣẹ́ lójijì. Ìyá rẹ̀ bá a tẹ fóònù, ó sì padà sí ilé ìdáná.

Kò sí ògbufọ̀ lónìí. Alága tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó da ọ̀rọ̀ tó ti ń dá kọ́ láti ọjọ́ yìí sẹ́nu.

"Hello, my dear. How is your cat?"

Ojú ọmọ náà tàn bí iná. "It's not my cat, Grandpa. It's theirs," ó sì nàka sí ògiri, síhà ilé kejì.

Theirs! Tiwọn! Ológbò náà kì í ṣe ti ọmọ náà, ti àwọn ará ilé kejì ni! Alága fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó. Ó gbọ́ ọ, ó yé e, kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọmọ náà tún sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Díẹ̀ ló yé e nínú rẹ̀, ó rí i pé ológbò náà ti sanra. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà sún mọ́ fóònù, tó ń wo ẹ̀yìn Alága, tó ń wo pálọ̀ náà láti apá ọ̀tún dé apá òsì, bí ẹni tó ń wá ẹnì kan.

"Grandpa," ó ní, "are you on your own?"

Alága gbọ́ "your own." Ó mọ̀ ọ́n! Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni! Ọmọ yìí ń bi í bóyá tirẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Ó na àyà jáde, ó na ọwọ́ yí ká pálọ̀ náà.

"Yes! My own! My own!"

"All the time?"

"All" jẹ́ gbogbo, "time" jẹ́ ìgbà. Gbogbo ìgbà ló ti jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ilé àyágbé. "All the time!" ló dáhùn, ó tún fi kún un pé, "Very good!"

Ojú ọmọ náà yí padà. Ó gbé fóònù sílẹ̀, Alága ò rí nǹkan mìíràn mọ́ ju àjà funfun lọ, ó sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kékeré tó ń sá lọ. Ó pè é títí: "Ìyá mi! Ìyá mi kékeré!" Fóònù kú.

Kò tó wákàtí kan tí ọmọ rẹ̀ fi pè láti ibi iṣẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ sọ fún ọmọ yìí? Ìyá rẹ̀ ní ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, kò fẹ́ jáde."

"Èmi? Mo ní ilé yìí, tèmi ni. Ó bi mí, mo dá a lóhùn. Ṣé ìyẹn náà tó ẹkún?"

"Kò burú, Bàbá. Ọ̀gá ń wò mí. A máa sọ ọ́."

Wọn ò sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, Alága fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti bí ogún ọdún. Ó ń rò ó pé bóyá ohùn òun ló le jù, bóyá wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ náà búni lọ́hùn-ún. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti dé ilé ìkàwé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Tíṣà bá a níbi tó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn ìta, ìwé lórí orúnkún.

Wọ́n wọlé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Awakọ̀ ti wọlé bá wọn kó tó parí, ó fa àga sún mọ́ wọn.

"Ẹ tún ohun tí ọmọ náà bi yín sọ, Bàbá," ni Tíṣà wí.

"Áà yú ọ̀n yọ̀ ọ́wùn."

Tíṣà ní, "Kì í ṣe ohun tí ẹ ní ló ń bèèrè, Bàbá. 'On your own' túmọ̀ sí pé èèyàn dá wà. Pé kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Báwo?" ni awakọ̀ bèèrè. "Ṣebí 'lórí tìẹ' ni wọ́n wí. Lórí kí ni? Ẹni tí kò ní ẹnì kan, kí ló wá kù tó jẹ́ tirẹ̀ tó ń jókòó lé?" Kò fi ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn," ni Tíṣà wí. "Èmi náà ò mọ ìdí rẹ̀."

Alága ń tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ tó wú. "Nítorí náà, ó bi mí bóyá mo dá wà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé gbogbo ìgbà, mo ní gbogbo ìgbà. Mo tún wá ní ó dára gan-an." Ó wo Tíṣà. "Irọ́ dà níbẹ̀, Tíṣà? Yàtọ̀ sí èyí tí mo ní ó dára?"

Ó jókòó parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, ó dìde, ó kí wọn, ó lọ. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, kò wá.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé àwọn ò ní sí nílé, wọ́n pe àwọn síbì kan. Alága ti wẹ̀ kó tó rí i. Ó wọ ẹ̀wù náà síbẹ̀. Agogo mẹ́rin lù, ó wà lórí àga, fóònù dúró ti ife, ojú fóònù náà dúdú bí omi kànga. Àwọn èèyàn ń kọjá lójú títì, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ń pe ẹnì kan. Ó rí i pé láti ọdún mẹ́ta yìí kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Wọ́n ti bi í bóyá ó jẹun. Wọ́n ti bi í bóyá ó lo òògùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dà bíi pé ẹnì kan ti ìta kan ilẹ̀kùn, òun sì fi ẹ̀rín lé e padà. Nígbà tó di agogo márùn-ún, ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó fi kọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, awakọ̀ gbé ìjókòó ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. "Alága, ẹ bá mi wo èyí. Èrò mi kan tóbi, ó jókòó, mo gbọ́ tí nǹkan ní kàà."

Síríǹgì méjì ló ti já. Alága tú aṣọ rẹ̀, awakọ̀ bá a di igi mú.

"Tíṣà ń bèèrè yín."

"Mo gbọ́."

"Èmi náà ń bèèrè yín. Ẹni tó jókòó tì mí báyìí, ó ń mí sókè bí ẹ̀rọ ìlọta."

Alága rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá sọ fún un pé wọn ò pe òun lánàá.

"Ẹ̀yin náà ò pè wọ́n?"

"Àwọn ló máa ń pè mí."

"Mo gbọ́. Mo ní ṣé fóònù tiyín, ó máa ń gba ìpè nìkan ni, kì í pe èèyàn?"

Alága dá òòlù dúró. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ tí ọmọ ti lọ, ó ti gbà pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí ló ń yan àsìkò. Ẹni tó ní gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́, dídúró ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó wà ní kíláàsì. Ó dúró kí gbogbo wọn lọ tán, ó wá bá Tíṣà. Ó ní òun fẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, òun ò fẹ́ purọ́, òun ò sì fẹ́ kó sunkún.

"Ẹ sọ ọ́ lédè wa, Bàbá, bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó gbọ́ ọ."

Alága wo ojú fèrèsé. "Ẹ ní mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo dá wà. Ẹ ní ó máa ń dùn mí nígbà mìíràn. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Kó má sunkún mọ́ nítorí mi. Kó kàn máa sọ ti ológbò fún mi."

Tíṣà kọ ọ́ sórí páálí kan, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, ó sì mú kó kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nígbà karùn-ún, Tíṣà ló ń nu imú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Alága pè wọ́n fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré náà ló gbé e. Ó dúró jìnnà díẹ̀ sí fóònù, ó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

Alága gbé páálí náà sókè níwájú rẹ̀. "I am on my own," ó kà. "Sometimes I am sad. It is not your fault. Do not cry. Tell me about the cat."

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà sún mọ́ tòsí, tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó wá rántí, tó tún rọra sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan fún un: ológbò náà ti bímọ. Ìdí tó fi sanra nìyẹn. Mẹ́ta ni. Àwọn ará ilé kejì á fún òun ní ọ̀kan.

"One is mine," ó ní, ó gbá àyà.

"Yours?" ni Alága wí.

"Mine!"

"Very good," ni Alága wí, ó sì dára lóòótọ́.

Ọmọ náà wá bi í bóyá ó ní ọ̀rẹ́. Ìyẹn yé e. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní, "A friend of me. He is driver."

"A friend of mine, Grandpa."

Ó ya Alága lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ tirẹ̀? Níbo ni ọmọ yìí ti mọ awakọ̀? "You know him?" ó bèèrè. "He is friend of you?"

"No! He's yours! But you say mine!"

"Is he yours or mine?"

Ọmọ náà ṣubú lu ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Alága ò rí i mọ́, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín gan-an. Ìgbà tó tó ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni wọ́n tó dágbére. Ilé wá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí yàrá ṣe máa ń rí nígbà tí àlejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Alága jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, ó fọ àwo kan, ó fọ ife kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ rẹ̀ pè, kì í ṣe ọjọ́ tirẹ̀. Kò kọ́kọ́ bèèrè òògùn.

"Bàbá, ọmọ yìí sọ nǹkan kan fún mi. Ó ní ẹ ní inú yín máa ń bàjẹ́ nígbà mìíràn. Ṣé òótọ́ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì yín lọ́nà?"

"Òótọ́ ni. Tíṣà kọ ọ́ fún mi."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Kò sí ẹni tó bi mí lédè wa, ọmọ mi."

Òjò ti ń ṣú lójú ọ̀run, atẹ́gùn ń ti fèrèsé.

"Mò ń bọ̀ wá, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Màá bá wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Màá mú ọmọ yìí dání."

Kò sọ ìgbà tí ó jẹ́, Alága náà ò bi í. Ó ní kó kí ìyàwó, ó ní kó fara balẹ̀ wa ọkọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù. Ó rántí pé fóòmù tí òun sá sí ìta fún àga obìnrin aránṣọ kan ṣì wà níbẹ̀, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ kó o wọlé.